Bátìrì Mẹ́rin Láàárín Oṣù Mẹ́rìndínlógún: Ọ̀ràn Ọkọ̀ Onílé Kan ní Kàbà

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2023, màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta bátìrì ní Kàbà, wọ́n gbé fúláàsì oúnjẹ dání. Lẹ́yìn "okun o" tí a kí ara wa, wọ́n ṣí fúláàsì náà. Yìnyín tó ti ń yọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé ìgò insulin mẹ́ta sáàárín rẹ̀. Wọn ò tíì dárúkọ bátìrì rárá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ṣé fíríìjì tìrẹ ń tutù?"

Ó ń tutù. A kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pẹpẹ àárín, níbi tí wọn ò ti ní fara kan yìnyín, torí insulin tó bá ti dì ti di ìdànù. Màmá fúnra wọn ló ṣàlàyé fún mi: èyí tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí tẹmọ́mítà; èyí tí a ti ń lò lè wà nínú yàrá fún nǹkan bí ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n yàrá tí kò gbóná ju 30 lọ ni. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Kàbà nínú oṣù Kẹta? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ insulin parí ni wọ́n tó jókòó, tí wọ́n wá sọ ohun tó gbé wọn wá.

Bàbá, ọkọ wọn, ló ní àtọ̀gbẹ. Àwọn méjèèjì ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó padà wálé. Ọmọ Ìsánlú ni Bàbá, ọmọ Ògìdì ni Màmá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ kan wálé, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń rìnrìn àjò fàájì, tí bẹ́ẹ̀dì, síńkì, sítóòfù àti fíríìjì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní "ọkọ̀ onílé", orúkọ yẹn náà ni èmi yóò máa lò. Èrò wọn ni pé bí wọ́n bá ń lọ síbi ìsìnkú ní Mọ̀pà tàbí síbi ọdún ìlú ní Ẹ̀gbẹ̀, wọn ò ní máa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé kó bá wọn wá yàrá, oògùn Bàbá á sì máa wà nínú òtútù níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú wọn sí. Wọ́n gbà kí n kọ ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Orúkọ wọn nìkan ni mo yọ.

Ọkọ̀ náà dé Kàbà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Bátìrì deep cycle tuntun méjì, irú tó ń fúnni níná díẹ̀díẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, fólítì mẹ́fà-mẹ́fà, ámpù-wákàtí 225 (ìyẹn ni ìwọ̀n iná tó lè kó), tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n lè di fólítì 12. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 wọ́n gbé ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n lọ kí àwọn ọmọ ní òkè òkun. Nígbà tí wọ́n padà dé ní oṣù Kẹsàn-án, bátìrì ò mú iná kankan wá. Oníbátìrì kan gbé wọn lọ, ó dá wọn padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tan iná fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì dákẹ́ pátápátá. Bàbá fẹ́ ra irú rẹ̀ gan-an láti Àbújá, àmọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2022 nìyẹn, tí omi kún bo Lọ́kọ́ja, tí títì Kótóńkáfẹ̀ tó lọ sí Àbújá sì rì sínú omi. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n rà: bátìrì tírélà méjì. Nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2023 fi máa dé, àwọn yẹn náà ti kú.

Mo ní bátìrì lórí àtẹ lọ́jọ́ náà. Mo lè tà á. Màmá sì ti múra àtirà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò tí náírà wọ́n ní báǹkì ni, tí tiránsífà ń há sójú ọ̀nà. Ohun tó dá mi dúró ni ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí láìro ibi kankan: "Èyí tí a bá rà yìí ńkọ́, oṣù mélòó ni yóò lò?" Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọkọ̀ ná.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bátìrì méjèèjì yìí, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò nílẹ̀ wa. Bátìrì mọ́tò tàbí ti tírélà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n fi rán an: kó fún kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì ní agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn pléètì òjé inú rẹ̀ fi fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì pọ̀. Ti deep cycle nípọn. A ṣe é kó lè máa fúnni níná díẹ̀díẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀, kó sì tún gba ṣáàjì padà, lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Bí o bá ń fa bátìrì tírélà dé ìsàlẹ̀ lálaalẹ́, àwọn pléètì fẹ́lẹ́ yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wó sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí náà ikú ti kejì kò rú mi lójú. Ti àkọ́kọ́ ni mo ń wá ìdí rẹ̀, torí bátìrì gidi ni wọ́n, tí a bá sì tọ́jú wọn dáadáa, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ kí wọ́n lò.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni àpótí bátìrì wà. Nígbà tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fa páálí ìbòrí rẹ̀ yọ, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé wa. A dúró, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Gáàsì haidirójìn tó ń jáde lára bátìrì tó ń gba ṣáàjì, tó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibi tó há, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó kó bú gbàmù. Ihò tó yẹ kí gáàsì yẹn máa gbà jáde ti dí pátápátá. Ìtẹ́ agbọ́n ni, agbọ́n amọ̀ kékeré wọ̀nyí tí ń kọ́lé sí gbogbo ihò. Orí bátìrì ti hu nǹkan funfun àti aláwọ̀ ewé bí èébú àgbàdo, nọ́ọ̀tì kan sì ti tú débi pé ìka mi méjì ni mo fi yí i. Títì tó gba Ayétòrò Gbẹ́dẹ̀ lọ sí Mọ̀pà kò ní ṣàì tú nọ́ọ̀tì ẹnikẹ́ni. Mo ti tẹmọ́mítà bọ inú àpótí ní aago mẹ́ta ọ̀sán: ìwọ̀n 47. Páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì kọjá ní ẹ̀yìn irin tó wà níbẹ̀, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí i.

Ẹ má fojú kékeré wo ìwọ̀n 47 yẹn. Ìwọ̀n 25 ni àwọn tó ṣe bátìrì fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ooru rẹ̀ bá fi bí ìwọ̀n 8 sí 10 ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ orí yẹn á gé sí méjì. Bó bá tún fi bẹ́ẹ̀ ga sí i, á tún gé sí méjì. Bátìrì tó bá ń gbé inú irú ooru yẹn lọ́sàn-án àti lóru, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́ ayé rẹ̀ ni yóò rí lò, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣẹ̀ ẹ́.

Màmá ò tíì ju bátìrì àkọ́kọ́ nù. Wọ́n wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, wọ́n fi táńpólì bò wọ́n. Mo ṣí ọmọrí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì fólítì mẹ́fà ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí omi àti pléètì wà nínú wọn, nítorí náà mẹ́fà ni gbogbo wọn. Nínú mẹ́ta, omi ti lọ sílẹ̀ kọjá orí pléètì, apá tó yọ síta ti funfun bí ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun. Mo fi haidrómítà, irinṣẹ́ tó ń fi bí ásíìdì inú omi bátìrì ṣe pọ̀ tó hàn, fa omi inú sẹ́ẹ̀lì kejì. Ohun tó yẹ kí bátìrì òkú fi hàn ni nǹkan bíi 1.120, kí ọmọ inú haidrómítà rì sísàlẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó léfòó sókè: 1.300. Bátìrì tó kún dáadáa gan-an kì í sábà kọjá 1.280. Mítà fólítì ní tirẹ̀ ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì yìí ò ní nǹkan kan nínú.

Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé haidrómítà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Wọ́n ti da ásíìdì sí i ni.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù torí àwọn tó ń ṣe é rò pé àwọn ń ran oníbàárà lọ́wọ́ ni. Nígbà tí bátìrì bá ń fúnni níná, ásíìdì inú omi rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ òjé, ó ń di sọ́fẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó bá ń gba ṣáàjì, sọ́fẹ́ẹ̀tì ń yọ́ padà di ásíìdì. Bí a bá fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, sọ́fẹ́ẹ̀tì yẹn á le, á di òkúta kéékèèké tí ṣáàjì lásán kò lè yọ́ mọ́. Oníbátìrì á wá wọn omi, á rí i pé ásíìdì kéré, á sì da tuntun kún un. Ásíìdì àtijọ́ kò sì lọ síbì kankan, inú pléètì ló há sí. Ọjọ́ tí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá yọ́ padà, ásíìdì ti di ìlọ́po, á máa jẹ egungun òjé tó gbé pléètì ró. Ohun tó ń lọ nínú bátìrì bó ṣe ń dàgbà ni omi. Omi dísítílì, omi tí kò ní iyọ̀ nínú, nìkan ló sì yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Àyàfi tí bátìrì bá dojú dé tí ásíìdì ṣàn dànù, mi ò mọ ìdí mìíràn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ da ásíìdì sí bátìrì tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n oníbátìrì yẹn kò pa bátìrì náà. Ó ti ń kú kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mo ṣì ń wá ohun tó sọ ọ́ di òfìfo.

Mo gbé bátìrì tèmi méjì wá, mo so wọ́n mọ́ ọkọ̀, mo sì bẹ Màmá pé kí wọ́n lo ilé bí wọ́n ṣe máa ń lò ó ní alẹ́, kí wọ́n má ṣe ìṣọ́ra kankan nítorí mi. Aago mẹ́jọ alẹ́, mo fi mítà tó ní ẹnu bí ẹ̀mú gbá waya ńlá mú. Gílóòbù mẹ́rin tàn, fáànù kékeré kan ń fẹ́, fóònù méjì wà lórí ṣáàjì. Mo ń retí ámpù mẹ́rin, bóyá márùn-ún. Mítà ní 19.6.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pa fáànù, ó bọ́ sí 18.3. Mo pa gbogbo gílóòbù, 16.4. Mo yọ fóònù, 15.2. Inú ọkọ̀ ti ṣókùnkùn, ohun gbogbo ti dákẹ́, ámpù 15 sì ń ṣàn lọ síbì kan tí n kò rí. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ ìró kankan. Bàbá ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Àbí fíríìjì ni?"

Mo ní fíríìjì kọ́, sebí kì í pariwo. Bàbá ní, "Kì í pariwo látilẹ̀." Wọ́n ní kí n wo bọ́tìnì iwájú rẹ̀.

Fíríìjì náà kò ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ rárá. Ooru ló fi ń mú òtútù wá: ó ń mú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ amóníà gbóná nínú páìpù lẹ́yìn rẹ̀, amóníà á gòkè, á yí po, á fa ooru kúrò nínú àpótí. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà rí ooru yẹn: iná gáàsì, iná ilé, tàbí bátìrì. Ti gáàsì ló dáa jù. Ti bátìrì, wọ́n ṣe é fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn lójú títì nìkan, tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè iná, kí òtútù má bàa lọ títí a ó fi débi tí a ń lọ. Irin gbígbóná lásán ni bátìrì ń ṣe níbẹ̀, bí áyọ́ọ̀nù.

Kí ló dé tí wọn ò lo gáàsì? Wọ́n fẹ́ lò ó. Ẹnu rẹgulétọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà kò bá ẹnu sílíńdà wa mu. Alágbàṣe kan ní òun lè fi rọ́bà àti kílíìpù so ó, Màmá kọ̀, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀, torí ibi tí wọ́n ń sùn nìyẹn. Bàbá wá yí bọ́tìnì sí bátìrì ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, òtútù dé, wọ́n yin Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó tún wo bọ́tìnì yẹn mọ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ámpù 15 fún wákàtí mẹ́jọ tí a fi sùn: ámpù-wákàtí 120. Ohun tó wà nínú bátìrì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun ni 225. Ìyẹn ni pé fíríìjì nìkan ń jẹ ju ìdajì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a kò tíì ka fáànù àti gílóòbù. Ìdajì sì ni ààlà tí èmi máa ń fún àwọn oníbàárà mi: mítà gbọ́dọ̀ ṣì wà ní nǹkan bíi fólítì 12.1 tàbí 12.2 lẹ́yìn tí bátìrì bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀. Ó lè lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá lọ ló ń gé lára ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹni tó bá ń jẹun púpọ̀ tó sì ń rí oúnjẹ jẹ kì í tètè rù. Nítorí náà mo wá wo bí oúnjẹ ṣe ń wọlé. Ṣájà inú ọkọ̀, fólítì 120 ti Amẹ́ríkà ló ń lò. Tiransifọ́mà kékeré kan ni wọ́n fi ń rọ iná wa sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé irú ṣájà àtijọ́ yìí máa ń dúró sójú kan, fólítì 13.6, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bátìrì tí a ń fún ní omi fẹ́ kó gòkè dé 14.4 sí 14.8 fún wákàtí díẹ̀ kí ó tó lè kún dénú, lẹ́yìn náà ni kó sọ̀ kalẹ̀ sí 13.5. Lórí 13.6 nìkan, ó lè gbà tó ọjọ́ kan àbọ̀ kí ó tó kún, ta ló sì ń rí iná ìjọba fún ọjọ́ kan àbọ̀ láìsinmi? Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, iná á lọ. Ti alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnnì, tún kéré sí i: waya tó gbé e lọ sẹ́yìn gùn, ó sì tín-ínrín, débi pé nígbà tí iwájú ń sọ 14.1, ẹ̀yìn ń gba 13.1.

Báyìí ni bátìrì ṣe lo oṣù mẹ́fà láìkún rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rìnrìn àjò. Wọ́n pa fíríìjì kí wọ́n tó lọ, ó kù ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bóyá gáàsì ń jò, àti rédíò tó ń rántí aago. Mo wọn àwọn méjèèjì pọ̀: ámpù 0.15. Ènìyàn á ní kí ni 0.15? Láàárín ọjọ́ kan ó di ámpù-wákàtí 3.6. Láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí wọ́n fi wà lókè òkun, ó di 277, ó kọjá gbogbo ohun tí bátìrì tuntun lè kó, áḿbọ̀tórí èyí tí kò kún nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀. Òfìfo ló wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú àpótí gbígbóná yẹn. Ibẹ̀ ni sọ́fẹ́ẹ̀tì ti di òkúta.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀, fíríìjì ni mo máa mú. Ooru, waya, ṣájà àti ásíìdì, gbogbo wọn ní ẹ̀bi tiwọn, àmọ́ bí fíríìjì bá ń lo gáàsì ni, mo gbà pé bátìrì méjì yẹn ì bá lo ọdún méjì ó kéré tán.

Mo gbìyànjú àtijí bátìrì abẹ́ máńgòrò. Mo fi ṣájà ti ṣọ́ọ̀bù gbé wọn dé 15.5 pẹ̀lú ámpù kékeré fún wákàtí mẹ́wàá, nínú afẹ́fẹ́ gbalasa, ìbọ̀wọ́ àti awò lójú wa. Sẹ́ẹ̀lì méjì dáhùn díẹ̀. Àwọn yòókù kàn ń hó ni. Mo ní kí wọ́n tà wọ́n fún àwọn tó ń ra òjé.

Bàbá fẹ́ ká lọ sórí lítíọ́ọ̀mù. Wọ́n ti kà nípa rẹ̀, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n kà: a lè fà á dé ìsàlẹ̀ ju ìdajì lọ, kò bèèrè omi, ó sì lè gba ṣáàjì ní ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Ṣájà yẹn kò bá a mu, alternator lè ṣiṣẹ́ àṣejù kó jóná, àpótí gbígbóná yẹn kò dára fún òun náà, owó rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Bí a kò bá kọ́kọ́ tún ilé ṣe, owó ńlá la ó sin.

Iṣẹ́ tí a ṣe ní oṣù Kẹrin nìyí. A yọ fíríìjì àtijọ́, a fi èyí tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ fólítì 12 sípò rẹ̀. Ámpù mẹ́rin ló ń fà, kì í sì í ṣiṣẹ́ ju bí ìdajì ọjọ́ lọ, nǹkan bí ámpù-wákàtí 50 láàárín ọjọ́ kan. A gbé àpótí bátìrì lọ sí apá kejì ọkọ̀, jìnnà sí páìpù èéfín, a lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀, a sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ihò nítorí agbọ́n. A gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 200 méjì sórí òrùlé pẹ̀lú kọntírólà tí a lè yan fólítì rẹ̀, tó sì ní waya tó ń wo ooru bátìrì: bí ara bátìrì bá dé 38, yóò rẹ 14.8 sílẹ̀ sí nǹkan bíi 14.4 fúnra rẹ̀. A pààrọ̀ ṣájà àtijọ́, a sì pààrọ̀ waya alternator sí èyí tó nípọn. A fi súìṣì ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà tó ń já gbogbo ohun tó ń jẹ iná bátìrì, títí kan rédíò. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó ra bátìrì deep cycle tuntun méjì, fólítì mẹ́fà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe méjèèjì. Mi ò gbà kí a so tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù, torí àlòkù ló máa ń fa tuntun sísàlẹ̀.

Òpin oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni epo bẹ́ńtírò fò láti bíi 200 náírà sí ohun tó lé ní 500. Màmá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ìtọ́jú bọ́ sọ́wọ́ Màmá, wọ́n sì gbà á bí ẹni pé aláìsàn ni bátìrì. Wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ onílà, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó kan pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n á kọ fólítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣí ọmọrí. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún ni wọ́n ń bu omi dísítílì sí i, kì í ṣe ṣáájú, torí omi máa ń wú sókè bí ṣáàjì ṣe ń wọlé. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń wá fi haidrómítà wo sẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orí bátìrì tó bá ti hu nǹkan, omi tí a po báíkín sódà sí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ọmọrí gbogbo á wà ní pípadé kí sódà má kán sínú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ rìnrìn àjò, wọ́n á pa súìṣì ńlá. Pánẹ́ẹ̀lì á ṣì máa bọ́ bátìrì, ẹnì kan ò sì ní máa jẹ ẹ́.

Kò lọ geere títí. Ní oṣù Kẹjọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà léra, mítà bọ́ sí 11.9 lówùúrọ̀. A fi ṣájà tuntun gbé e padà kí ọjọ́ keje tó pé. Nínú ọyẹ́ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, eruku bo pánẹ́ẹ̀lì débi pé mo fi ìka kọ orúkọ mi sí i. Nígbà tí a nù ún tán, ṣáàjì tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Oṣù kan náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó fẹ́ ṣèrànwọ́, já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tó rọ ọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kẹrin. Màmá pè mí kí ó tó bọ́ sí ìkarùn-ún. Mo fa díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú omi tó ti pò mọ́ ásíìdì kò ṣeé ṣà. Ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ títí ó fi fẹ́ sunkún. Mo sọ fún un pé kò mọ̀ ni, mo sì fi ìgò omi dísítílì hàn án.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 mo tún lọ, wọ́n gbọ́kọ̀ sí ìta ilé ẹbí kan ní Ìsánlú. Bátìrì náà ti pé oṣù ọgbọ̀n. Fólítì òwúrọ̀ jẹ́ 12.4, fíríìjì ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lẹ́yìn tó kún tó sì sinmi, 12.64. Tẹmọ́mítà inú fíríìjì wà lórí 5. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún fi 1.260 hàn. Sẹ́ẹ̀lì kẹrin fi 1.240 hàn, ó ti jẹ́ 1.245 ní oṣù Keje. Màmá gba báírò pupa lọ́wọ́ mi, wọ́n fi yí 1.240 ká, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ padà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.